Ilẹ̀ Bàbá Wọn àti Oko Songhaï ní Àjàṣẹ́

Bí ó ti ń rẹ ènìyàn náà ni ó ń rẹ ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Yewa mọ èyí dájú, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣá nígbà tí àgbàdo bá hù tán tí ó wá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Àmì mìíràn tún wà tí kì í tan àgbẹ̀ jẹ, èyí ni koríko ẹ̀kan. Ibi tí ẹ̀kan bá ti gba àkóso, tí àwọn ewéko olómi sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí onílẹ̀ yáa mọ̀ pé òun ni ó jẹ ilẹ̀ náà ní gbèsè.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì kan ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìlaròó. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Àbúrò ni ó ń dá oko bàbá wọn láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ékà márùn-ún péré ni ilẹ̀ náà. Apá kan rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà ọkọ̀, apá kejì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan. Àwọn tí ń ra ilẹ̀ ilé kíkọ́ ti dé ibẹ̀. Wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ri òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbúrò ti gbà láti tà á, kò sì sí ẹni tí ó lè fi tọkàntọkàn dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni ó kó àgbàdo tí owó rẹ̀ kò tó owó ajílẹ̀ òyìnbó tí ó dà sí i, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì ti lọ ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní fọwọ́ sí títà. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù ni ó ń sọ fún ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn gba oòrùn pé kí ó di ohun tí kò mú èrè wá mọ́ mú. Àbúrò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú àwọn aya ilé. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí wà fún ìparí oṣù. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n tọrọ kí ọjọ́ náà tó pé, pé kí àbúrò rẹ̀ fún òun ní ọjọ́ kan, kí àwọn méjèèjì jọ dé Àjàṣẹ́.

Bí ilẹ̀ náà ṣe dé ibi tí ó dé kì í ṣe àdììtú. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò tí tèwe tàgbà mọ̀ sí OFN kalẹ̀, ajílẹ̀ òyìnbó wọ abúlé ní owó pọ́ọ́kú. Bàbá wọn bu ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sí ìdí àgbàdo, àgbàdo náà sì dúdú mìnìjọ̀, ọmọ rẹ̀ ki pọ́pọ́. Ìyanu gbáà ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò dá ibì kankan sí nínú ilẹ̀ náà mọ́. Kí ni ìsinmi wà fún nígbà tí oúnjẹ ilẹ̀ ti wà nínú àpò? Bẹ́ẹ̀ ni kò rí láyé àwọn baba ńlá wọn. Wọn a ro ilẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí igbó tún bò ó. Ewé a wọ́, a sì jẹrà. Gbòǹgbò igi a fa oúnjẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá sókè. Ekòló a máa tú ilẹ̀ láìgba owó iṣẹ́. Igbó fúnra rẹ̀ ni ajílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Ìsinmi ọdún méje di mẹ́ta, mẹ́ta di òfo. Ajílẹ̀ òyìnbó wá da aṣọ bo ìhòòhò ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ sì fò kọjá ibi tí ọwọ́ tálákà lè tó, aṣọ náà ṣí.

Ọ̀nà Ìdírókò ni wọ́n gbà lọ. Ìjọba Nàìjíríà ti ti ibodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdírókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí àbúrò ti tẹ ọ̀nà náà kẹ́yìn. Kò sí ohun púpọ̀ tí ó yẹ ní sísọ nípa ibodè ju pé onísùúrù ni yóò kọjá. Láti Ìgòlò lọ, owó di sẹ́fà, alùpùpù akérò sì di zemidjan. Ahọ́n nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pe ìlú náà, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonou, orúkọ Porto-Novo tí ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn Potogí. Yorùbá àti Ègùn jọ ń gbé ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì kí ìyálọ́jà kan kú ọjà ní ọjà Ouando kò ní pẹ́ gbọ́ èsì tí etí rẹ̀ mọ̀. Oko tí wọ́n ń lọ kò jìnnà sí ọjà yìí.

Songhaï ni orúkọ oko náà. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà nínú ẹgbẹ́ àwọn Dominican, ọmọ Nàìjíríà tí ó kàwé, tí ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì ní Kalifóníà. Ìròyìn ọ̀dá àti ìyàn tí ó ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó mú un padà wá sílé. Ní ọdún 1985, ìjọba Benin fún un ní hẹ́kítà kan ní Àjàṣẹ́, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọn kò rí ilé-ìwé parí ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ ilẹ̀ ọba Songhai àtijọ́, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Gao, tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò sì ṣẹ́gun ní ọdún 1591. Lónìí oko Àjàṣẹ́ ti ju ogún hẹ́kítà lọ, ó sì ti ní ẹ̀ka ní Savalou, ní Parakou àti ní Kinwedji. Ìpínlẹ̀ Delta àti Rivers ní Nàìjíríà náà ti gbìyànjú láti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àlejò a sì máa san owó díẹ̀ kí wọ́n tó mú un yí oko ká.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ Kétu, tí ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni ó mú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì yí oko ká. Kò kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ibi ẹ̀fọ́. Ẹ̀yìn ilé adìẹ ni ó gbà.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi,” ni ó wí, “òórùn ni a ó kọ́kọ́ kí.”

Òórùn náà sì dáhùn ìkíni. Ìfun adìẹ tí wọ́n pa àti ìdọ̀tí mìíràn láti ilé ẹran ni wọ́n tẹ́ síbi tí eṣinṣin lè yé sí. Ẹyin eṣinṣin kì í ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó pa; láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìdin a ti sanra. Kí ó tó di eṣinṣin ni wọ́n ti ń kó o lọ dà fún ẹja àrọ̀ inú omi. Àbúrò bo imú rẹ̀.

“Ìdin ni ẹ fi ń bọ́ ẹja tí ènìyàn yóò jẹ?”

“Bàbá, kí ni ẹja inú odò yín ń jẹ tẹ́lẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí omi ẹja ń ṣàn lọ. Omi náà ti di aláwọ̀ ewé, ó kún fún ìgbẹ́ ẹja, wọn kò sì dà á nù. Poro ẹ̀fọ́ ni wọ́n darí rẹ̀ sí. Ẹ̀fọ́ tí ó gbó jù tàbí tí kòkòrò ti jẹ yóò padà sọ́dọ̀ ehoro àti ọ̀yà. Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sínú àgbá ńlá kan tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, níbi tí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń tú gáàsì jáde. Gáàsì náà ń lọ sí ìdí ààrò; ìgẹ̀dẹ̀ tí ó kù ń padà sí oko. Àní koríko ojú omi olódòdó àlùkò, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, tí apẹja sì ń ṣépè fún, wọ́n ń wọ́ ọ wá sílé láti fi ṣe ajílẹ̀. Nǹkan kan kì í gba ẹ̀yìnkùlé jáde kúrò ní oko náà láìṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ó ṣe ni láàánú pé tòmátì pupa ni ọ̀pọ̀ àlejò ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ dí imú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó mú kí tòmátì náà pupa.

Ibi òkìtì ajílẹ̀ ni wọ́n ti pẹ́ jù. Ọmọbìnrin náà fi hàn wọ́n bí a ṣe ń tò ó: ìpele ewé gbígbẹ àti pòròpòrò àgbàdo ni yóò wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà koríko tútù, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ adìẹ tàbí ẹlẹ́bọ́tọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ilẹ̀ díẹ̀, kí a sì tún padà sórí ewé gbígbẹ. Ohun gbígbẹ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ìgbẹ́ lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkìtì náà yóò máa rùn; ṣùgbọ́n bí ohun gbígbẹ bá tún pọ̀ jù, òkìtì yóò kàn jókòó sójú kan bí ọ̀lẹ ni. Ó gbọ́dọ̀ tutù tó aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ooru a dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, a sì lè tó ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yìí ni ó ń pa èso koríko àti ẹyin kòkòrò. Nígbà tí ó bá ti rọlẹ̀, a ó dojú òkìtì dé, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sí àárín, ooru yóò sì tún gbéra. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún bọ inú òkìtì náà. Ó fà á yọ, ó ní kí àbúrò fọwọ́ kàn án. Àbúrò fọwọ́ kàn án, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kíákíá.

“Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀?”

“Kò sí o, bàbá. Ẹnu àwọn tí ń jẹ ẹ́ ni ó gbóná.”

Lẹ́yìn èyí ni àbúrò sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò ní ìbínú nínú láti òwúrọ̀. “Bùrọ̀dá, ààtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá wa ni èyí. Ẹ rántí tòmátì tí ó máa ń lalẹ̀ hù níbẹ̀? Kò sí ẹni tí ó gbìn ín.”

Ẹ̀gbọ́n rántí. Ààtàn ni ó kọ́ àwọn ìyá ní Yorùbá pé elégédé kò níí jìyà níbi tí wọ́n ń da eérú àti èèpo iṣu sí, kì í ṣe ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ kí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn gbé yẹ̀ wò dáadáa. Albert Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ọ̀kan nínú àwọn baba irú ọ̀gbìn yìí, lọ sí ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1905 láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní iṣẹ́. Nígbà tí ó débẹ̀, ó rí i pé ohun tí òun lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn kò kéré rárá. Òun àti aya rẹ̀, Gabrielle, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò. Ní Indore, láàárín ọdún 1924 sí 1931, ó ṣètò ọ̀nà títo òkìtì ajílẹ̀ tí a fi ń pe orúkọ ìlú náà títí dòní, ó sì kọ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù jáde ní ọdún 1940. Báyìí ni ìmọ̀ àgbẹ̀ ṣe ń gba orí omi lọ sí òkèèrè tí ó sì ń wọ aṣọ tuntun padà wá bá àwọn ọmọ àgbẹ̀.

Lábẹ́ igi kan ni wọ́n jókòó sí nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n sì ra oje èso tí wọ́n fún níbẹ̀ mu. Ibẹ̀ ni ìjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àbúrò fẹ́ mọ̀ bóyá májèlé ni ajílẹ̀ òyìnbó tí bàbá wọn lò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń polówó oko aláìlóògùn ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ kò dáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe rere.

“Kì í ṣe májèlé,” ni ó wí. “O rántí 15-15-15 tí wọ́n ń kọ sára àpò? Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan oúnjẹ mẹ́ta tí ewéko fẹ́ràn jù. Àpò oníkílò 50, kílò méje àti ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni a ń bọ́, a kò bọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ohun jíjẹrà nínú dà bí ajere. Òjò kan péré ni yóò gba oúnjẹ náà lọ sínú odò. Èyí tí ó bá sì ní àmóníà nínú, bí a bá ń lò ó lọ́dọọdún láìtún ilẹ̀ ṣe, ó ń mú ilẹ̀ kan ni.”

“Ẹ̀yin kò tíì ro ilẹ̀ láti ọdún wo, Bùrọ̀dá?”

Olùkọ́ kò fèsì.

“Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ tèmi. Ìwọ, ọmọ mi,” ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, “àwọn mélòó ni ó ń da òkìtì yìí dé?”

“A pọ̀, bàbá. A ń pín in ṣe ni.”

“Ẹ pọ̀. Ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ kò gba owó. Èmi nìkan ni mo wà ní oko tèmi. Àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan, orí ni mo fi ń rù ú, mo sì ti fọ́n ọn tán kí oòrùn tó mú. Èyí tí ẹ ń wí yìí, ọkọ̀ ẹ̀kún-un mélòó ni yóò bo ékà kan? Ta ni yóò kó o?”

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé tí ń yin irú oko báyìí máa ń fò kọjá. Ajílẹ̀ inú àpò fúyẹ́. Ti ààtàn wúwo, ó fẹ́ ọwọ́, ó fẹ́ omi, ó sì fẹ́ ẹran nítòsí. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó tán kò ṣàìmọ̀ pé ilẹ̀ òun ń jìyà. Ọwọ́ tí yóò tún un ṣe ni kò sí. Ọmọbìnrin náà kò purọ́ fún un. Ó ní kò lè bo ékà márùn-ún lọ́dún kan, pé ìwọ̀nba ibi tí apá bá ká ni kí ó bẹ̀rẹ̀, bí etí omi bá wà. Kí ó fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sí ìyókù, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò wọn máa ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó má sì ṣe sun koríko mọ́. Ó kìlọ̀ pé ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó ìdí ewéko, kí ó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹrà. Ó ní òun náà yóò padà sí Kétu bí òun bá parí ẹ̀kọ́, lórí ilẹ̀ ìyá bàbá òun.

“Ìwọ yóò padà?” ni àbúrò bi í. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀. Ní Ìgòlò, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, àbúrò fi ìtì igi kan ya nǹkan sórí erùpẹ̀: ọ̀nà ọkọ̀, odò, àti ìlà kan tí ó dá ilẹ̀ bàbá wọn sí méjì. Ẹ̀gbọ́n rí i. Ó mọ ìdí tí ìlà náà fi wà níbẹ̀, kò sì bèèrè.

Ní ìpàdé ìparí oṣù, ékà mẹ́ta tí ó dojú kọ ọ̀nà ni wọ́n tà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé náà. Ojú rẹ̀ kò dùn, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣí kálámù. Ékà méjì etí odò ni wọ́n dá sí, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ̀rọ̀ títà rẹ̀ sílẹ̀ títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Nínú owó tí wọ́n pín, àbúrò ra igba adìẹ, ó sì ránṣẹ́ sí èyí àbúrò nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní Èkó. Ọmọ náà kò tíì sọ pé òun yóò wá, kò sì tíì sọ pé òun kò ní wá.

Òkìtì àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ìyá méjèèjì tò sí abẹ́ ọ̀pẹ etí odò kò gbóná rárá. Pòròpòrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbẹ́ kò tó, ọ̀gbẹlẹ̀ sì mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tú u palẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pọn omi láti odò. Àbúrò rẹ̀ ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pariwo pé kí ó má da omi púpọ̀ jù. Wọ́n tún un tò títí ó fi ga tó àyà ènìyàn, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n sì gún irin kan bọ àárín rẹ̀.